Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Iṣẹ́ Ìsìnlú Tí A Fi Fóònù Ṣe Nígbà Kòrónà

Sí Gíwá yunifásítì wa, àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa,

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ìpele kẹrin láti oríṣiríṣi ẹ̀ka, tí a ti ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì wa tí a sì yege, ṣùgbọ́n tí èsì wa wà ní àhámọ́ nítorí kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ìyẹn iṣẹ́ ìsìnlú tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ran àwùjọ lọ́wọ́. A ṣe iṣẹ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ní ká ṣe é láti ilé. Ní báyìí, ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ náà wò ní ohun tí a ṣe kì í ṣe iṣẹ́, pé ká padà lọ ṣe òmíràn, ká sì san owó tuntun lé e. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ gba iṣẹ́ tí a ṣe wọlé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, kí ẹ sì tú èsì wa sílẹ̀.

A mọ̀ pé ọmọ kì í pe àgbà lẹ́jọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni a gbé wá síwájú yín, tí a kò gbé ọ̀rọ̀ náà tọ akọ̀ròyìn tàbí agbẹjọ́rò lọ. Bí kò bá ní jẹ́ àrífín, ẹ jẹ́ ká rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, tó sì ti dé Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní àrùn Kòrónà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí oṣù Kẹta tó parí, ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní títì, oníkálukú wa sì ti di ẹrù rẹ̀ padà sílé òbí. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Nígbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, wọn kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Keje. À ń ka gbogbo èyí sílẹ̀ kó lè yé yín pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ṣómólú l'Ékòó kò ní ọ̀nà kankan tó lè gbà dé abúlé tí wọ́n yàn fún un nítòsí ilé-ẹ̀kọ́, kí baálẹ̀ lè tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́. Bó bá gbìyànjú rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ojú títì ni yóò kọ́kọ́ pàdé.

Inú oṣù Kẹrin ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí wa. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ wa, a sì ti so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ èyí. Ó ní ẹ̀kọ́ yóò máa lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí ẹni tí iṣẹ́ ìsìnlú kàn ṣe é láti ibi tó bá wà, kó fi fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ran àwùjọ tó bá mọ̀ lọ́wọ́, kó máa kọ ohun tó ṣe àti àkókò tó fi ṣe é sínú lọ́gíbúùkù, kó sì máa fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó ń mójú tó o ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwa kọ́ la tọrọ rẹ̀. Àṣẹ ni, a sì tẹ̀ lé e. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn olùkọ́ wa ń fọwọ́ sí ohun tí a bá fi ránṣẹ́, tí wọ́n sì ń tọ́ wa sọ́nà níbi tó bá ti kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí a ṣe, nítorí ó jọ pé àwọn tó pàṣẹ pé ká tún un ṣe kò ṣí lọ́gíbúùkù náà ka.

Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́ ọmọ níwèé. Ìjọba Èkó àti ti Ògùn ti gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, ohun tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n rédíò kì í dúró de ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò bá yé, ọmọ náà kò sì lè bi í ní ìbéèrè. Ibi àlàfo yẹn ni a bọ́ sí. A gba nọ́ńbà àwọn òbí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní àdúgbò wa, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn òbí náà sọ̀rọ̀. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn ní, kò lè gbé WhatsApp, kò lè gbé fídíò. Nítorí náà, ìpè ni a ń pè wọ́n, owó káàdì tiwa la sì ń ná. Ìyá tó ń ta ata kì í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, òun ló sì ni fóònù. Ìdí nìyí tí ẹ óò fi rí i nínú lọ́gíbúùkù pé aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà mìíràn aago mẹ́sàn-án, ni ẹ̀kọ́ wa máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ wa wò sọ pé àkókò yìí mú ìfura dání. Ẹ̀yin òbí wa, kò sí ìfura níbẹ̀. Àkókò tí fóònù dé ọwọ́ ọmọ ni.

Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ìṣirò ìdá láì rí ojú rẹ̀? A ní kó bu ẹ̀wà wá láti inú ìkòkò ìyá rẹ̀, kó ka méjìlá sílẹ̀, kó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. A ó dákẹ́. A ó máa gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń dún nínú àwo. "Mẹ́rin ló wà ní ọ̀nà kan, Àǹtí." Ọ̀nà méjì ńkọ́? "Mẹ́jọ." Ọmọ náà ti mọ ìdá méjì nínú mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ fún un. Láti ibẹ̀ la ti ń lọ sórí èyí tó le díẹ̀. Bí owó káàdì bá tán lágbede méjì, a ó ní kó máa ṣe ìyókù sílẹ̀ di ọ̀la. Àwọn kan lára wa mú àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, ìdánwò tí wọ́n sún síwájú títí di ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń sọ ìrètí nù. Àwọn kan ti ní àwọn kò ní padà sílé-ẹ̀kọ́ mọ́, pé àwọn ti ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí a bá wọn ṣe kì í ṣe ìwé kíkà nìkan. A ń bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà láti jókòó ìdánwò náà.

Àwọn mìíràn nínú wa gbógun ti ọ̀rọ̀ irọ́, iṣẹ́ yìí sì ni kò hàn sí ìgbìmọ̀ náà rárá. Ẹ rántí ọdún 2014 tí àrùn Ebola wọ Èkó. Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn pé kí èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn náà má baà mú un. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, oògùn kílórókúìnì ló kàn. Lẹ́yìn tí Donald Trump, tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, yin oògùn yẹn pé ó lè wo Kòrónà, àwọn èèyàn ń wá a kiri, àwọn aláṣẹ ìlera l'Ékòó sì kéde pé àwọn kan ti lò ó lálòjù, ó ti di májèlé sí wọn lára. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Inú WhatsApp ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò àti ti mọ̀lẹ́bí ló ń gbà, ibẹ̀ náà la sì ti lé e jáde. A mú ìkéde àjọ NCDC tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, a sọ ọ́ ní èdè tí àwọn ìyá wa ń sọ nínú ilé: ọmọ Ìjẹ̀bú sọ ọ́ ní ti Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì sọ ọ́ ní ti Èkìtì. A máa ń da aṣọ bo orí nígbà tí a bá ń gba ohùn sílẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò má baà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí fọ́nrán ohùn kan tí a fi síta kí olùkọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera tó gbọ́ ọ. Bí ìyá kan bá fi ohùn béèrè bóyá òun lè jáde lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun, a ó wá ìdáhùn tó dájú, a ó sì dá a lóhùn lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé náà wà lára àwọn tí a ràn lọ́wọ́. Bàbá kan wà tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Pápákọ̀ òfuurufú wà ní títì, kò sí ẹni tó lè wá wò ó. Ọ̀kan nínú wa ń pè é láràárọ̀. Ohùn bàbá náà ló fi mọ̀ lọ́jọ́ kan pé nǹkan kò lọ déédéé. Nígbà tó wádìí, oògùn ti tán nínú ilé, ojú sì ń ti bàbá láti sọ. Ó wá nọ́ńbà kẹ́míìsì tó sún mọ́ ilé rẹ̀, ó bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀, ó fi nọ́ńbà àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ránṣẹ́ sí i kí wọ́n lè sanwó, ẹni náà sì gbé oògùn náà lọ sílé bàbá fúnra rẹ̀. Ìlà méjì péré ni èyí gbà nínú lọ́gíbúùkù. Kò sí àwòrán. Ta ni ì bá yà á, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà wà ní ìlú mìíràn?

Ìgbà tí a padà sílé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ́fíìsì tó kọ̀wé sí wa ti ní ọ̀gá mìíràn, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ tuntun kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ní iṣẹ́ tó bá ní òǹtẹ̀ baálẹ̀ tàbí ti ọ̀gá ilé iṣẹ́, àti àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́, nìkan ni àwọn yóò gbà. Wọ́n fi òṣùwọ̀n ọdún tí kò sí àrùn wọn iṣẹ́ ọdún àrùn. Wọn kò pè wá kí a wá sọ tẹnu wa. Wọn kò pe àwọn olùkọ́ tó ń fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Orí pátákó ìsọfúnni ni a ti rí orúkọ wa lábẹ́ àkọlé "Kò Pé".

A kò sọ pé fóònù dára ju ẹsẹ̀ lọ. A mọ̀ pé láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ní Ìbàràpá, tí ó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà kí wọ́n lè kọ́ bí àìsàn ṣe ń rí nínú ilé tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn, ó sì wù wá. Ẹni tó jókòó sórí àpótí lójúde onílé yóò rí ohun tí ẹni tó wà lórí fóònù kò lè rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, ẹsẹ̀ tó wọ abúlé lè gbé àrùn wọ ibẹ̀, àwọn àgbà tí a ní ká lọ sìn gan-an ni àrùn náà ń pa jù. Bí a ṣe dúró nílé, iṣẹ́ ìsìn ni òun náà.

Èyí tó dùn wá jù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà wá láyè ká sọ ọ́, ni pé orí fóònù yìí kan náà ni a ti gba ẹ̀kọ́ yín. Orí Zoom la ti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti fi iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀, ibẹ̀ la ti ṣe ìdánwò, ilé-ẹ̀kọ́ sì gba gbogbo rẹ̀ wọlé, ó fún wa ní máàkì lórí rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò dín nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé a kò dé inú kíláàsì. Bí olùkọ́ bá lè wà nílé rẹ̀ kó kọ́ wa, tí ẹ̀kọ́ náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́, a kò mọ ohun tó fà á tí àwa kò fi lè wà nílé wa ká kọ́ ọmọ aláta, kí ìyẹn náà jẹ́ iṣẹ́.

A gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn kan tó kọ irọ́ sínú lọ́gíbúùkù. A kò ní bá yín jiyàn pé kò sí irú wọn. Ṣùgbọ́n irọ́ kò tìtorí fóònù wáyé. Òǹtẹ̀ baálẹ̀ ṣe é gbà láì ṣiṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù wá lọ. Fóònù tilẹ̀ ní àǹfààní kan tí òǹtẹ̀ kò ní: ìpè máa ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpè wà, fọ́nrán ohùn wà pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí lára rẹ̀, nọ́ńbà àwọn òbí àti àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wà, olùkọ́ yín ló sì fọwọ́ sí i. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pe àwọn òbí náà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan kọ́ ọmọ wọn níwèé. Ẹni tó bá purọ́, kó jẹ ìyà tirẹ̀. Kí ẹni tó ṣiṣẹ́ má bá a jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin òbí wa, ìpalára tí èyí ń ṣe fún wa kì í ṣe kékeré. Níwọ̀n ìgbà tí Sẹ́nétì kò bá fọwọ́ sí èsì wa, orúkọ wa kò lè sí nínú àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ máa fi ránṣẹ́ sí àjọ NYSC, a kò sì lè di agùnbánirọ̀. Lára wa ni obìnrin kan wà tó ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ti fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ kó tó rí owó wọ yunifásítì. Ẹ mọ òfin náà: ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè jáde, ìwé àyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un, kò ní sìn. Ó wù ú láti sìn. Ó ti lá àlá aṣọ káàkì náà láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí ẹ bá ní kó tún kọ́ọ̀sì yìí ṣe, ọjọ́ ìgboyè rẹ̀ yóò bọ́ sí ẹ̀yìn ọjọ́ tí yóò pé ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́ nígbà náà. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ tó ń dúró dè wọ́n, agbanisíṣẹ́ kì í sì í dúró pẹ́. Àwọn òbí wa, tí ọjà wọn kò tíì padà bọ̀ sípò láti ìgbà kónílé-ó-gbélé, ni wọ́n tún ní kí wọ́n wá owó àtúnṣe. Àwọn ìyá kan ti yá owó náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì ti san án, torí ẹ̀rù kí ọmọ má baà pẹ́ sílé-ẹ̀kọ́.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín, ẹ dákun, pé kí Sẹ́nétì gba lọ́gíbúùkù gbogbo ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ ti fọwọ́ sí nígbà kónílé-ó-gbélé wọlé, kí èsì wọn sì jáde ní àsìkò tí orúkọ wọn yóò fi bá ọ̀wọ́ àwọn agùnbánirọ̀ tó kàn lọ. Ti obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ṣe é fi dọ́la; ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tirẹ̀ ṣáájú, bí tiwa tilẹ̀ máa gba àkókò díẹ̀ sí i. Níbi tí iyèméjì bá wà, kí ìgbìmọ̀ mìíràn, tí olùkọ́ tó mójú tó iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀, pe akẹ́kọ̀ọ́ náà wá sọ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dájọ́. A bẹ̀ yín kí ẹ wọ́gi lé owó àtúnṣe náà, kí ẹ dá ti àwọn tó ti san padà fún wọn. Nítorí àwọn àbúrò wa tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin kọ́ọ̀sì náà pé àṣẹ tí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì yóò dúró nígbà tí a bá ṣí i.

Bí ẹ bá fẹ́ kí a wá síwájú yín, ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá dá ni a ó wá. Bí ẹ bá sì ní iṣẹ́ kan tí ẹ fẹ́ ká ṣe fún àwùjọ nígbà tí ẹ bá ń yẹ ọ̀rọ̀ wa wò, ẹ rán wa, a ó jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyí lálaalẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fún wa ní máàkì lórí rẹ̀ mọ́.

Àwa ni ọmọ yín, tí ń retí èsì yín pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀,

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìpele kẹrin tí èsì wọn wà ní àhámọ́ nítorí iṣẹ́ ìsìnlú.

(Orúkọ wa, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wa àti ìbuwọ́lù wa wà ní ojú ewé tó tẹ̀ lé èyí, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé oṣù Kẹrin àti lọ́gíbúùkù wa.)